Olówòkéré àti Hóró Funfun

Ní Awóyè, bí ọkọ̀ ẹnìkan bá ń gbomi, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń dá: Olówòkéré. Káfíńtà ọkọ̀ ni. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Orí pèpéle pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, lókè omi, níbi tí ariwo òkun kì í ti í dákẹ́, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọn a fa ọkọ̀ gòkè, wọn a dojú rẹ̀ dé, Olówòkéré a sì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí rẹ̀ bí ìyá tó ń yẹ ibà wò lára ọmọ. Bí ó bá yá, a ní, “Ibí yìí ni.” Ibẹ̀ náà ni yóò sì jẹ́. A yọ pákó tó ti rà, a fi tuntun rọ́pò rẹ̀, a fi òwú dí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, a wá fi ọ̀dà gbígbóná lé e.

Ọkùnrin náà kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó lójú méjì. Nígbà tí òkun gba ilé rẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn kan ní ipa odò tí àwọn elépo rọ̀bì là ni omi iyọ̀ ń gbà wọlé, àwọn kan ní òkun ló ń bínú. Kò bá wọn jiyàn. Ó tú pákó ilé rẹ̀, ó kó o sínú ọkọ̀, ó lọ kọ́ ọ sẹ́yìn. Nígbà tí omi tún dé bá a níbẹ̀, ó tún tú u. “Èyí tó bá ti bàjẹ́, yọ ọ́ kúrò,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn. “Ohun tó bàjẹ́ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí ló fi tọ́ Adétutù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Òun náà ló fi ń bá Rhoda ìyàwó rẹ̀ jà bí ó bá rí i tó ń tọ́jú ìkòkò tó ti sán.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìka rẹ̀ a wú, a le gbagidi. Kò ní lè dì, kò ní lè tú. Rhoda ni yóò gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá kí ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, òun náà ni yóò so okùn ṣòkòtò fún un. Orúnkún tẹ̀lé ọwọ́, ọrùn ẹsẹ̀ tẹ̀lé orúnkún. Wọ́n ní làkúrègbé ni. Wọ́n fi òróró pa á títí, kò gbọ́. Ọkọ̀ àwọn ènìyàn wá ń pọ̀ lórí pèpéle, Olówòkéré a jókòó sáàárín wọn, a máa wo òòlù rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀rẹ́ tó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Adétutù, tó ti lọ́kọ sí Igbókòdá, tó ń ta ẹja gbígbẹ níbẹ̀, ló wá mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó bá níbẹ̀ nígbà náà fún un ní hóró funfun kékeré kan báyìí, ó ní kí ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ó sì padà wá kí àwọn fún un ní òmíràn tí yóò máa lò lọ.

Hóró yìí ló di ìyanu. Kò pẹ́, kò jìnnà, Olówòkéré jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ rẹ̀, ó tú u. Ó tún dì í. Ó pe Rhoda kí ó wá wò ó. Nígbà tí oòrùn fi máa là, ìró òòlù ti ń dún lórí pèpéle, àwọn tó ń wa ọkọ̀ kọjá sì ń kí i láti ojú omi.

Bí hóró náà ṣe tán, kò padà sí Igbókòdá. Kí ló fẹ́ lọ sọ? Ara rẹ̀ ti le. Ó fi páálí òfìfo han Jọọlá, ọkùnrin kan tó máa ń gbé àpótí oògùn sínú ọkọ̀, tó ń tà á láti abúlé dé abúlé. Jọọlá wo páálí, ó ní, “Bàbá, èyí ò le. Mo lè máa mú un wá fún yín.” Ó sì ń mú un wá lóòótọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tí wọ́n bá ní kó tà ló ń tà. Báyìí ni ọ̀sẹ̀ díẹ̀ di ọdún, tí ọdún ń gorí ọdún. Bí ìrora bá tún gbé orí sókè, Olówòkéré a fi hóró kan kún un.

Ó wá sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ róbótó, ikùn rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kún lẹ́yìn. Awóyè yìn ín. “Ọjọ́ ogbó Olówòkéré mà dára o!” Wọ́n ní Rhoda mọ ọkọ tọ́jú. Inú obìnrin náà a máa dùn, a tún bu òkèlè púpurú kún ti ọkọ rẹ̀. Àwọn nǹkan mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀ kò hàn sí ará ìta: ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tín-ín-rín lábẹ́ ara ńlá yẹn, bí pákó bá fara kan apá rẹ̀ lásán, ibẹ̀ a dúdú bí aró, ojú rẹ̀ kan sì ń rí kùrukùru. Ó ní ọjọ́ ogbó ni.

Lọ́jọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé pákó tí kò wúwo rárá, ohun kan sì ró kẹ́ níbi ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò lè nà, kò lè jókòó. Bí Adétutù ṣe tún wá gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí Igbókòdá nìyẹn.

Dókítà mìíràn ló bá níbẹ̀ báyìí, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọlábọ̀dé, tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo awọ apá rẹ̀, ó wo fọ́tò egungun tí wọ́n yà. Ó ní, “Bàbá, oògùn wo lẹ ń lò?”

Olówòkéré fi ìgbéraga yọ páálí náà jáde. “Èyí ló gbà mí là.”

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní oògùn gidi ni, sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, kì í sì í ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n a kì í lò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó ti jẹ egungun rẹ̀ láti inú, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀kan fọ́ níbi ẹ̀yìn. Òun náà ló mú ojú rẹ̀ wú tó fi dà bí ẹni tó sanra.

“Nítorí náà,” dókítà ní, “a gbọ́dọ̀ mú yín kúrò lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa, Bàbá: ẹ ò gbọdọ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa dín in kù. Bí ẹ bá já a lójijì, ó lè gba ẹ̀mí yín.”

Olówòkéré wo Adétutù láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà yé e. Adétutù ń mi orí bí ẹni tí ó yé, ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ náà dàrú. Wọ́n padà wọ ọkọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, láàárín igbó igi ẹ̀gbà etí omi àti omi tí epo ń tàn lójú rẹ̀ bí òṣùmàrè, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń yí nínú: oògùn yìí ń pa mí, bí mo bá sì fi í sílẹ̀ n óò kú. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Kò rí ibi tí òun yóò ti dì í mú.

Rhoda bi í nílé pé kí ni dókítà wí. Ó ní, “Ó ní kí n má jẹ ẹ́, ó ní kí n máa jẹ ẹ́.”

“Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ yékéyéké, Bàbá Adétutù.”

“Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn.”

Ó rò ó títí, ó wá fi ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ dá a. Ta ló ń yọ pákó tó ti rà díẹ̀díẹ̀? Bí o bá fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ran èyí tó dára ni. Dókítà náà ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó dìde, ó di ẹ̀yìn tó ń ro ó mú, ó rìn dé etí pèpéle, ó da gbogbo hóró tó kù sínú omi. Ó sì lérò pé òun ti ṣe ọkùnrin.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí oúnjẹ fi di ìkorò lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kì í ṣe ìrora làkúrègbé nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, ó rẹ̀ ẹ́ dé inú egungun, bí ẹni pé wọ́n fa okun ara rẹ̀ jáde bí okùn láti inú aṣọ. Bí ó bá dìde, ilé a yí. Ó pe Rhoda ní Moríkẹ́, orúkọ ẹ̀gbọ́n Olówòkéré tó ti kú tipẹ́. Rhoda rò pé ó ń ṣeré, ó ní, “Moríkẹ́ wo?” Olówòkéré ní, “Lọ sọ fún Bàbá pé ọkọ̀ ti dé.” Nígbà náà ni jìnnìjìnnì mú obìnrin náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn Olówòkéré ṣubú lulẹ̀ lójú afárá pákó tí wọ́n ń gbà lọ sí ìdíkọ̀. Àwọn apẹja gbé e sínú ọkọ̀ tó ní ẹnjìnnì tó lágbára jù lọ, Rhoda sì gbé orí rẹ̀ lé itan. Ara rẹ̀ tutù, ó ń làágùn. Ó ń rí ojú ọ̀run tó ń sáré kọjá, ó ń rí ojú Rhoda tó dorí kodò, kò sì mọ̀ bóyá òkun ni wọ́n ń lọ tàbí òkun ni wọ́n ti ń bọ̀. Ó gbìyànjú láti béèrè, ahọ́n rẹ̀ kò gbé e.

Nígbà tí iyè rẹ̀ sọ, ó bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, omi dírípù ń kán sí i lára. Ohun tó yà á lẹ́nu ni bí ara rẹ̀ ṣe fúyẹ́. Dókítà Ọlábọ̀dé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Oògùn wo lẹ fún mi?” ó béèrè. “Ó dára o.”

Dókítà ní, “Irú èyí tí ẹ dà sómi náà ni, Bàbá. Abẹ́rẹ́ ni mo fi fún yín.”

Olówòkéré kọjú sí ògiri. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kì í ṣe ti ìrora. Ìgbà tí ènìyàn ti dàgbà tó báyìí, tó ti tú ilé tó sì ti kọ́ ọ, tó ti tún ọkọ̀ gbogbo etíkun ṣe, kí nǹkan kékeré tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́ máa dá a láàmú lọ, dá a láàmú bọ̀!

Dókítà fa àga, ó jókòó. Ó ní ẹran kékeré méjì wà nínú ènìyàn, wọ́n jókòó lórí kíndìnrín bí fìlà. Àwọn ni wọ́n ń ṣe irú oògùn yìí fún ara lójoojúmọ́ láti ìgbà tí a ti bí ènìyàn. Òun ló ń jẹ́ kí a lè dìde láàárọ̀, kí àìsàn má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. “Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti ìta, àwọn méjèèjì wò ó pé iṣẹ́ ti tán fún àwọn. Wọ́n sùn. Ọjọ́ tí ẹ da oògùn sómi, ti ìta ò sí mọ́, ti inú ò tíì jí. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ṣubú. A ní láti máa dín ti ìta kù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ti inú lè mọ̀ pé wọ́n ń pe òun.”

“Ìgbà wo ni yóò jí?”

“Mi ò mọ̀, Bàbá.”

“Ẹ̀yin dókítà?”

“Mi ò mọ̀. Ti ẹlòmíràn ń yá, ti ẹlòmíràn ń gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ẹlòmíràn kì í jí tán. Ọjọ́ orí yín náà wà níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ ò gbọdọ̀ dá a ṣe.”

Èyí tó sọ pé òun kò mọ̀ yìí ni Olówòkéré gbà gbọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún un pé òun yóò máa tẹ̀lé e. Wọ́n fún un ní òmíràn fún làkúrègbé, wọ́n fún un ní èyí tí yóò máa ran egungun lọ́wọ́, wọ́n sì kọ́ Rhoda bí yóò ṣe máa fi abẹ gé hóró funfun sí méjì.

Ẹ má ro pé ibẹ̀ ni wàhálà parí sí. Ibẹ̀ gan-an ni ìdàrúdàpọ̀ ti wá pọ̀ sí i.

Bí wọ́n bá ti dín in kù, ọjọ́ burúkú a tẹ̀lé e. Gbogbo ẹran ara rẹ̀ a máa dùn ún. Ọkàn rẹ̀ a ṣú, a jókòó sójú fèrèsé, a máa sunkún láìmọ ohun tó ń sunkún lé. Ṣé làkúrègbé ló padà ni? Àbí oògùn tó ń lọ ló ń ṣe ìdágbére bẹ́ẹ̀? Àbí ọjọ́ ogbó ti dé gan-an, tí kì í tilẹ̀ ṣe ìkankan nínú wọn? Rhoda a bi í, “Níbo ló ń dùn yín?” Òun tó ti ń fi ọwọ́ kan ìdí ọkọ̀ tí yóò sì mọ ibi tó ti ń jò, a fọwọ́ kan apá, a fọwọ́ kan itan, a ní, “Mi ò mọ̀. Gbogbo rẹ̀.” Tí ó bá sì wá fara dà á títí, ọjọ́ kan a là, ara a tù ú, a jẹun. Nígbà náà ni àkókò á tó láti tún dín in kù.

Èyí tó wá da gbogbo rẹ̀ rú ni pé ó ń gbẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ róbótó yẹn ń lọ, ikùn ń lọ. Dókítà rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ń ṣe dáadáa. Awóyè rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí i bí a ti ń kí ẹni tí ikú ń pè. Nígbà tó ń ṣàìsàn, wọ́n ní ara rẹ̀ dá. Nígbà tí ara rẹ̀ ń dá, wọ́n ń bá Rhoda kẹ́dùn. Ábúráhámù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré tó ń gbé ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, wa ọkọ̀ wá láti gbàdúrà fún un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé.

“Olówòkéré, ta ló ṣe ọ́ báyìí?”

“Dókítà ni.”

“O ń ṣeré ni?”

“Mi ò ṣeré. Wọ́n ní bó ṣe yẹ kó rí nìyí.”

Ábúráhámù kúnlẹ̀, ó gbàdúrà tọkàntọkàn. Nígbà tó parí, ó wò ó pẹ́, ó ní, “Má fi ohun tí wọ́n ní kí o lò sílẹ̀ o. Ọlọ́run náà ló dá dókítà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ mà bà mí lẹ́rù.”

Lẹ́yìn èyí ni Jọọlá yà wọlé pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Ó rí i, ó figbe ta. “Bàbá! Ẹ wo bí ẹ ti rí! Mo ní hóró yín lọ́wọ́ o, ojúlówó. Ẹ lo méjì péré, ẹ ó rí i pé àárọ̀ ọ̀la ẹ ó kan ìṣó.”

Olówòkéré mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irọ́ ni, kò ní ṣòro láti kọ̀. Ìka rẹ̀ wú lọ́jọ́ náà, Rhoda ló so okùn ṣòkòtò rẹ̀. Ó wo ojú Rhoda, ó retí pé yóò lé Jọọlá jáde.

Rhoda kò lé e. Ó ní pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, “Bàbá Adétutù, ẹ gbà á. Ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ rí yín bí ẹ ti rí tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo ń wò yìí, mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Ìwọ náà?”

“Èmi náà. Ó ti rẹ̀ mí.”

Jọọlá fi páálí náà lé ọwọ́ Olówòkéré, ó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Àwọn méjèèjì jókòó. Olówòkéré gbọn páálí náà, ó gbọ́ bí ó ti ń dún. Bí ó bá jẹ ẹ́, yóò lè ṣiṣẹ́ lọ́la. Bí ó bá dà á sómi, ó rántí afárá pákó. Kí ni ṣíṣe? Ohun tó rọrùn ní ìhà méjèèjì ti jẹ ẹ́ níyà rí. Ó wá ní, “Pe Adétutù lórí fóònù.”

Adétutù pe dókítà. Dókítà kò bá wọn jà. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀.

Nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ní àwọn ti yára jù. Ó dá a padà sí bí ó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dín èyí tó kẹ́yìn kù, ó sì gba páálí Jọọlá lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé ẹ̀yìn là ń lọ báyìí?” Olówòkéré béèrè.

“Rárá. A kàn dúró sinmi díẹ̀ ni.”

“Mo ti ṣe àṣìṣe.”

“Ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan, Bàbá. Ẹ ṣáà wá bá mi.” Dókítà kọjú sí Rhoda. “Màmá, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ń bi yín léèrè?” Rhoda fi ìborùn bo ojú. Olówòkéré wò ó. Kò tíì ronú rẹ̀ rí pé obìnrin tó ń so okùn ṣòkòtò òun ní ọwọ́ tirẹ̀ náà tó ń ro ó.

Láti ìgbà náà, wọ́n fi sùúrù ṣe é. Òjò dé, òjò lọ. Wọ́n ń dín in kù, wọ́n ń dúró, ìgbà kan wọ́n tún lọ sókè díẹ̀ nígbà tí ibà mú un, nítorí dókítà ní bí àìsàn bá dé, ara ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olówòkéré ṣíwọ́ bíbéèrè bóyá iwájú ni àbí ẹ̀yìn. Níkẹyìn, ó ku ìdajì hóró kékeré kan láàárọ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, dókítà ní àwọn tó sùn ti ń la ojú, ṣùgbọ́n wọn ò tíì dìde tán. Kí ó dúró síbẹ̀ ná. Ó lè jẹ́ títí. Ó lè má jẹ́ títí.

“Ẹ ò mọ̀,” Olówòkéré ní.

“Mi ò mọ̀,” dókítà ní. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò padà bó ti wà. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kì í sì í gbé pákó mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń jókòó sórí pèpéle, ó ń fi òwú dí ojú pákó, Rhoda a sì máa bá a yọ́ ọ̀dà. Awọ apá rẹ̀ kì í dúdú mọ́ bí nǹkan bá kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé ìka ń ro òun, pé òun ti ra hóró funfun lọ́wọ́ olóògùn inú ọkọ̀, a bi í pé, “Láti ìgbà wo?” Bí onítọ̀hún bá ní ó ti pẹ́, a ní, “Má jù ú nù o. Má sì jẹ ẹ́ lọ. Lọ bá wọn ní ilé ìwòsàn.” Wọn a wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí létí ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wa ọkọ̀ dé láti Abereke. Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ọkọ̀ náà, ó ń fi igbá gbọ́n ọn. Ó kí Olówòkéré, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ilé káfíńtà ọkọ̀ ni mò ń wá. Bàbá kan báyìí tó sanra, tójú ẹ̀ rí róbótó. Wọ́n ní ibí yìí ló ń gbé.”

Rhoda bú sẹ́rìn-ín nínú ilé. Olówòkéré kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ sọ pé òun ni, ó sì fẹ́ sọ pé ẹni yẹn ti lọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ òótọ́, kò mọ èyí tí òun yóò mú. Ìka rẹ̀ ń ro ó díẹ̀ lọ́jọ́ náà, bóyá ti ọyẹ́ ni, bóyá ti nǹkan mìíràn.

“Ẹ so ọkọ̀ yín mọ́lẹ̀,” ó ní fún un. “Ẹ jẹ́ ká fà á gòkè ká wò ó.”